Jẹ́lé-ó-sinmi: Kí Ni Ó Yẹ Kí Òbí Wò Níbẹ̀?

Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́ rárá. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n pè é. Ilé ni ó fẹ́ sinmi. Ìyá tí ó ń sáré ọjà tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó fẹ́ mí díẹ̀. Orúkọ náà kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tí a mú jáde kí ilé tó lè sinmi. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó báyìí, nítorí pé bí ìyá ọmọ ọdún 3 bá lọ sí ọjà, ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ wà, nínú agbo ilé tí tọmọdé tàgbà ti mọ orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀. Lóde òní, ìyá àgbà lè wà ní abúlé, tàbí kí òun náà ṣì máa bá òwò tirẹ̀ kiri. Nítorí náà ni bàbá àti ìyá ṣe ń fa ọmọ wọn lé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí lọ́wọ́, láti aago 8 òwúrọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán, nígbà mìíràn títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n lọ wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó sì ń lọ wò ó ní tòótọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá débẹ̀, kí ni wọ́n ń wò?

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ohun tí òbí kọ́kọ́ rí ní ẹnu ọ̀nà ni ọ̀dà tuntun, àwòrán kìnnìún àti erin tí a yà sí ara ògiri, àti ọkọ̀ tí ń kó àwọn ọmọ wá láti ilé. Ó rí ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀ funfun àti táì tí a so mọ́ ọrùn ọmọ ọdún 3 nínú oòrùn tí ń mú bí iná, orí rẹ̀ sì wú. Bí wọ́n bá mú un wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ọmọ yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì fi ohùn kan náà kí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ń kọrin. Olùkọ́ yóò pe ọ̀kan jáde láti ka álífábẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò pe òmíràn láti ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àlejò yóò pàtẹ́wọ́. Kò ní tó ìṣẹ́jú 10 tí yóò fi jáde lọ sí ọ́fíìsì láti san owó.

A kò lè pe èyí ní ẹ̀tàn. Ẹni tí ó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ kò ṣàì gbá àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìṣẹ́jú 10 yẹn ni ọmọ náà yóò máa gbé. Wákàtí tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gbé inú rẹ̀, nígbà tí orin ìkíni bá parí, tí ohùn olùkọ́ bá padà sí bí ó ti máa ń rí lójoojúmọ́. Ohun tí òbí ń wá wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kẹwàá. Nítorí náà, kí ó lọ ní nǹkan bí aago 10 òwúrọ̀, nígbà tí iṣẹ́ ti wọ ara, kí ó sì tọrọ àyè láti jókòó fún wákàtí kan gbáko.

Ìdáhùn tí wọ́n bá fún un ti jẹ́ ara ohun tí ó wá wò. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wí fún olùkọ́ pé:

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbà kí n jókòó sí igun yìí títí wọn yóò fi jáde lọ ṣeré?”

“Hà, Màmá, ọ̀gá wa kì í fẹ́ kí òbí dúró nínú kíláàsì o. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń dúró sí.”

“Kò burú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n lọ tọrọ gááfárà lọ́dọ̀ wọn. Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, kí wọ́n dá ọjọ́ fún mi.”

Ìyá yìí kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní ìdí gidi tí kò fi ní fẹ́ kí ènìyàn máa ya wọlé nígbà tí ó bá wù ú, nítorí pé ààbò ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ láti dá ọjọ́ kankan, tí ó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé nìkan ni òbí ti lè wo ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò máa wà, kí ó má ṣe rò pé ìgbéraga lásán ni.

Bí wọ́n bá gbà, kí ó jókòó lórí àga àwọn ọmọ, kì í ṣe lórí àga olùkọ́. Orókún rẹ̀ yóò kan àyà rẹ̀, ẹ̀yìn yóò dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá ojú ọmọ dọ́gba. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé àwọn àwòrán tí ó wù ú nígbà tí ó dúró ga ju ohun tí ọmọ lè rí láìgbé ọrùn sókè lọ, nítorí pé òbí ni wọ́n so wọ́n kọ́ fún. Yóò rí ìṣó tí ó yọ jáde lábẹ́ tábìlì, yóò rí ihò iná mànàmáná tí ó bá ìka ọmọ mu gẹ́lẹ́. Nígbà tí Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù, ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, ọ̀kan nínú ohun tí ó mú lọ́kùn-únkúndùn ni pé kí tábìlì àti àga fúyẹ́ tó èyí tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọmọ tí ó lè gbé àga rẹ̀ kò ní láti dúró de ẹni tí yóò sọ ibi tí òun lè jókòó sí. Èyí kò gba owó ńlá. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wà ní ìtòsí lè kàn án, bí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ bá mọ ohun tí òun ń fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ó wo ọwọ́. Kí ni ọwọ́ àwọn ọmọ ń ṣe? Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ọwọ́ kò bá ká lórí tábìlì, pẹ́ńsù ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí sì fẹ́ràn pẹ́ńsù púpọ̀. Ìwé tí ó kún fún lẹ́tà jẹ́ ẹ̀rí lójú wọn pé owó tí wọ́n san kò wọ igbó. Ṣùgbọ́n egungun kéékèèké 8 ni ó wà ní ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tíì le. Kerekere rírọ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 3, ó sábà máa ń jẹ́ pé bí 3 péré ni ó ti ń di egungun gidi, èyí tí ó sì kẹ́yìn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í le títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní kí irú ọwọ́ yìí fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún ojú ìwé dà bí ẹni tí ó ń pọn omi sínú ìkòkò tí a kò tíì sun. Ìkòkò náà lè gba omi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ náà ni.

Ohun tí ń mú ọwọ́ ọmọ gbó wà nílẹ̀ kí pẹ́ńsù tó dé. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọmọ a máa bó ẹ̀pà, a máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, a máa fi amọ̀ mọ ẹran àti ènìyàn, a máa da yanrìn láti inú igbá kan sí òmíràn. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ni. Friedrich Froebel, ará Jámánì tí ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837, bọ́ọ̀lù àti igi onígun mẹ́rin ni ó kó fún àwọn ọmọ láti máa tò, kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n tún máa tò ó. Nítorí náà, bí òbí bá rí ọmọ tí ó ń fi ìdérí ìgò àti agolo òfìfo kọ́ ilé, kí ó má ṣe bèèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Òwe Yorùbá sọ pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Yàrá tí ó kún fún ọmọ ọdún 4 ní aago 11 òwúrọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ féfé, tí kò sí ọwọ́ kan tí ó dọ̀tí, ó yẹ kí ó kọ òbí lóminú ju kí ó dùn mọ́ ọn lọ.

Kí ó wo kọ́bọ́ọ̀dù oníjígí pẹ̀lú. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọláńgidi àti ọkọ̀ ìṣeré wọn wà nínú ọ̀rá tí a fi rà wọ́n láti ọjọ́ tí a ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ohun ìṣeré tí ọmọ ń lò a máa ṣí ní ọ̀dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan a sì máa já. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń mọ ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà fún wọn: etí rẹ̀ yóò ti ká.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò kò gùn. Ọmọ lè ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún bí orin, kí ó má sì mọ ohun tí iye jẹ́. Ibi tí ìmọ̀ wà ni ibi tí olùkọ́ ti sọ pé, “Bá mi mú èso ayò 4 wá,” tí ọmọ sì mú 4 wá, tí kò mú ẹ̀kúnwọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù ni ti etí. Bí òbí bá ti jókòó fún ìgbà díẹ̀, kí ó di ojú, kí ó sì tẹ́tí: ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ni, tí àwọn ọmọ kò ṣe ju kí wọ́n gbe ìparí gbólóhùn rẹ̀ lọ, àgbà kan ni ó ń gba ìdánrawò níbẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí ọmọ bèèrè ìbéèrè, tí a sì dá a lóhùn bí ènìyàn, ó ti rí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Kí ó sì fi etí sí irú èdè tí ìbéèrè náà fi jáde.

Ọmọ tí a bí sí ilé Yorùbá ti ní ọrọ̀ kan lọ́wọ́ kí ó tó pé ọdún 4. Bí a bá ní kí ó mú igbá wá, kò ní bèèrè bóyá igba ni a wí, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ wọn. Etí rẹ̀ ni ó fi kó o jọ, lórí ẹ̀yìn ìyá àti nídìí àlọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá ti gba ohun tí ó mú wá láti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún un ní òmíràn. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àṣà nìkan ni èyí. Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ ọdún 3 tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Wọ́n ti kọ́ ọ ní gbólóhùn tí yóò fi tọrọ àyè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìpayà ti gbé e lọ kúrò lórí rẹ̀. Ó wo ojú olùkọ́, ó pa ẹnu mọ́, ó sì tọ̀ sára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán, wọ́n fi ṣòkòtò tútù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n sì ní kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìmọ́tótó. Kì í ṣe ìmọ́tótó ni ọmọ yẹn kò mọ̀.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1977, ti là á sílẹ̀ pé èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò ni kí a máa lò ní pàtàkì ní jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e kò pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè abínibí ti ọdún 2022, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá gan-an ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 3 péré kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n lo ọdún 6 kò rẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ta àwọn yòókù yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún 10, ọmọ ọdún 3 ńkọ́?

Kò sí ẹni tí ó ní kí a má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ẹ̀gùn lè jókòó sí orí ẹní kan náà, olùkọ́ kò sì lè gbọ́ gbogbo èdè wọn. Ṣùgbọ́n ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe omi, ebi, ìrora àti ìgbọ̀nsẹ̀ nílé olúkúlùkù. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Òbí lè bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá ó mọ̀ wọ́n.

Ní ti àwọn nǹkan yòókù, ojú lásán tó láti rí wọn. Kí òbí ka orí àwọn ọmọ: ìlànà ìjọba ní ọdún 2004 sọ pé ọmọ 25 ni kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, èyí tí ó pọ̀ tó fún ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ 2 rí. Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó ṣí ẹ̀rọ omi wò, kí ó wò ó bóyá ọṣẹ wà níbẹ̀ àti bóyá ọmọ lè nà tó o. Kí ó wo ideri kànga. Kí ó bèèrè ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá wà, àti ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà. Kí ó wo ẹni tí ó wà ní ẹnu géètì, kí ó sì bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ rí bá wá mú ọmọ ní ọ̀sán.

Kò sí yàrá ọmọ wẹ́wẹ́ tí ọmọ kan kì í ti sunkún láàárín wákàtí kan. Òbí kò gbọdọ̀ fi ẹkún dá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́. Ohun tí ó tẹ̀ lé ẹkún ni kí ó wò. Ǹjẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí láti òkè ni ó ti fi ohùn ránṣẹ́? Ǹjẹ́ ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àbí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí pankẹ́rẹ́ wà? Bí àlejò bá wà níbẹ̀, olùkọ́ kò ní na ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń nà a máa gbé ọwọ́ bo orí bí àgbàlagbà bá ṣèèṣì na ọwọ́ sí i láti mú ṣọ́ọ̀kì. Èyí kò ṣeé fi pamọ́. Kí òbí sì wá ọmọ tí kò sunkún, tí kò sì ṣeré, tí ó jókòó síbi kan láti àárọ̀. Kí ó ṣọ́ ọ wò bóyá olùkọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí wákàtí náà tó pé.

Ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ń kọ́ àwọn tí ó kéré jù ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni ẹni tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ náà dáadáa, bí ẹni pé ọmọ kékeré kò lè bàjẹ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n mọ ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n òbí ni ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bí ọmọ bá lo oṣù kan láìkọ ohunkóhun sínú ìwé, bàbá rẹ̀ yóò wá sọ pé kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò, pé ọmọ aládùúgbò òun ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí wọn kò bá tètè tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mú ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ọdún 3 ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Òbí tí ó bá sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lójúkorojú pé òun kò kánjú ìwé kíkọ ti gba ẹrù ńlá kúrò ní orí obìnrin náà.

Wákàtí kan kò lè fi gbogbo nǹkan han òbí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ìyá tàbí bàbá fi ọgbọ́n ṣọ́ ọ nígbà tí ó bá ń dá ṣeré nílé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi di olùkọ́. Yóò to bàtà, agolo àti ọmọláńgidi rẹ̀ sí ìlà, yóò dúró níwájú wọn, yóò sì ṣe ohùn tí ó bá gbọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́lẹ́. Ó lè máa pa àlọ́ fún agolo. Ó lè gbé bàtà kan sí itan, kí ó máa rẹ̀ ẹ́. Ó sì lè fa ọwọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀, kí ó na gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ ohun tí wọ́n ṣe.